Olùkọ́ Tí Yóò Kọ́ni Nípa Ọ̀daràn àti Ìdájọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n ó kan ará Àrẹ̀mọ, ó kan ará Ọjà'ba, ó kan ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní Bẹẹrẹ àti ọmọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ kọjá lábẹ́ òkè Màpó. Nígbà tí yunifásítì bá fẹ́ gba olùkọ́ tí yóò máa kọ́ni nípa ìwà ọ̀daràn àti ìdájọ́ rẹ̀, irú ẹni wo ni ó yẹ kí wọ́n gbà?

Ẹnìkan lè wí pé, "Èwo ni tiwa níbẹ̀?" Tiyín wà níbẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ tí ń jókòó níwájú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí ni yóò di ọ̀gá ọlọ́pàá àti ọ̀gá wọ́dà lọ́la. Bí wọ́n bá mú ọmọ yín lóru ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá náà kọ́ ni yóò fi bá a lò. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ti jẹ́ kí ó gbà pé ẹni tí a bá ti mú ti di ọ̀daràn, a jẹ́ pé ọmọ yín ti jẹ̀bi kí ó tó fojú kan adájọ́. Nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, àwọn tí a kò tíì dá ẹjọ́ wọn pọ̀ ju àwọn tí a ti dá lẹ́bi lọ.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun lórí bí a ó ṣe máa gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ti ṣe tirẹ̀. Òfin ọdún 2015 yìí sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí a fura sí. A kò gbọdọ̀ ti ìyá mọ́lé nítorí pé ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ní ọdún 2019, òfin mìíràn yí orúkọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, ó sì la ọ̀nà fún ìjìyà tí kò ní ẹ̀wọ̀n nínú, bíi kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lẹ́sẹ̀. Ènìyàn ni í gbé e rìn, olùkọ́ ni ó sì ń kọ́ ènìyàn náà.

Báwo ni wọ́n ti ń gba olùkọ́? Yunifásítì a máa polówó àyè náà nínú ìwé ìròyìn. Ìgbìmọ̀ a yẹ ìwé àwọn tí ó bèèrè wò, wọn a pe àwọn tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́, wọn a fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Bí ó bá jẹ́ ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ni, wọn a fi ìwé tí ẹni náà ti kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ibòmíràn kí wọ́n gbé e yẹ̀wò. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ipele méje ni. Èyí kò yàtọ̀ sí àṣà Ìbàdàn. Ní ìlú mìíràn, àrẹ̀mọ ọba lè máa fojú sọ́nà fún oyè baba rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ènìyàn a jẹ mọ́gàjí, a di Jagun, a sì máa gun àkàbà ní ìlà Ọ̀tún tàbí ìlà Balógun. A kì í fò dé òkè.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ náà wá. Èkíní ni ìwé, nítorí aláìmọ̀kan kò lè kọ́ni. Èkejì ni ẹsẹ̀: ǹjẹ́ olùkọ́ náà ti dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi rí? Ǹjẹ́ ó ti jókòó ní kóòtù láti àárọ̀ títí wọ́n fi sún ẹjọ́ síwájú? Ẹ̀kẹta ni etí: ǹjẹ́ ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá olè àti lẹ́nu ẹni tí olè jà?

Bí ó bá ṣe pé èmi wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ìbéèrè kan ni n óò bi wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jí ewúrẹ́ ní Ọjà'ba. Ewúrẹ́ ti padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀, àwọn àgbà agboolé sì wá ń bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Kí ni kí ọlọ́pàá ṣe? Ẹni tí ó bá ka ẹsẹ òfin nìkan fún mi mọ ìdajì. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà ti gbàgbé pé a kì í fi owó pa ẹjọ́ ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ bi mí pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ti jalè rí? Kí ni olówó ewúrẹ́ wí?" ni n óò gbà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Àwọn kan ní kí a kúkú gba ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ìrírí rẹ̀ níye lórí, ó sì yẹ kí a máa pè é wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń mú ènìyàn láti ọdún pípẹ́ lè má bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ kí a mú wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti béèrè.

Mo wá bẹ̀ yín, ẹ̀yin baálé àti mọ́gàjí. Bí ọmọ agboolé yín bá ń wá irú iṣẹ́ yìí, ẹ má kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yunifásítì, ẹ má sì rán ẹni ńlá sí i. Ẹ ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó ń kàwé, ẹ san owó ilé ìwé rẹ̀. Olóògbé Fẹ́mi Ọdẹ́kúnlé, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nípa ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn ní Nàìjíríà, tí ó kú ní oṣù December 2020, ọmọ Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, níbi tí kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀, ni ó ti kọ́ni.

Ẹni tí a bá fi ojúsàájú gbà, ojúsàájú ni yóò fi kọ́ni. Ọmọ tí ó bá sì kọ́ ojúsàájú lọ́dọ̀ rẹ̀ lè padà wá wọ aṣọ ọlọ́pàá ní àdúgbò wa.