Ọmọ Tí Kò Gbọdọ̀ Fi Ebi Sùn
Ọ̀rọ̀ tí a bá àpéjọ ìjọ sọ lórí àrùn àkójọ gláíkójìn, oúnjẹ rẹ̀ àti oorun

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín kì í ṣe èyí tí a sábà ń gbọ́ ní àpéjọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ oorun sì ni pẹ̀lú. Àwọn ọmọ kan ń bẹ tí ó jẹ́ pé, bí a bá jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú láìjẹun, wọ́n lè má jí mọ́. Àrùn tí ó fa èyí kò wọ́pọ̀: nǹkan bí ọmọ 1 nínú 100,000 ni a ń bí pẹ̀lú irú rẹ̀ kìn-ín-ní, èyí tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Ṣùgbọ́n òbí tí ó bá bá nínú ilé rẹ̀ kò lè fi kíkéré iye wọn tu ara rẹ̀ nínú.

Orúkọ rẹ̀ ni àrùn àkójọ gláíkójìn. Ẹ jẹ́ kí a fi àká àgbẹ̀ ṣe àpèjúwe. Bí a bá jẹun tán, ara a máa lo ṣúgà inú oúnjẹ náà. Èyí tí ó bá kù, ẹ̀dọ̀ a máa kó o pamọ́, bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká. Àkójọ yìí ni gláíkójìn. Ní òru, nígbà tí a kò jẹun, ẹ̀dọ̀ a ṣí àká, a sì máa bu ṣúgà díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ọpọlọ má bàa ṣe aláìní. Nínú irú kìn-ín-ní àrùn yìí, àká kún, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò sí. Edgar von Gierke, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1929. Ní ọdún 1952, Gerty Cori àti Carl ọkọ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé èròjà kan tí í máa tú ṣúgà sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ni ó ṣàìsí.

Ẹ wo àwọn àmì rẹ̀. Ikùn ọmọ a yọ síta nítorí ẹ̀dọ̀ tí ó tóbi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a kún. Kì í tètè ga. Bí ebi bá pẹ́ lára rẹ̀, pàápàá ní ìdájí, a máa làágùn, a máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀ ni ó ti ń wá, bí ara àwọn méjèèjì tilẹ̀ le; nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà 1 nínú 4 ni pé ọmọ náà yóò ní in. Nítorí náà ó lè kọlu ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ orúkọ tí aráyé máa ń fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọn a ní àbíkú ni, tàbí pé ayé ni; wọn a sì gbé ọmọ náà sínú ààwẹ̀. Ààwẹ̀ náà gan-an ni ó lè pa á.

Kí ni oúnjẹ rẹ̀? Ní ọdún 1976, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé àwọn ń ti ihò imú ki rọ́bà tín-ínrín sínú ikùn ọmọ, tí oúnjẹ olómi sì ń kán sí i lóru mọ́jú. Ní ọdún 1984, Y. T. Chen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sítáàṣì àgbàdo tútù, tí a kò sè, lè ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dà nínú ikùn. Fún ọmọ kékeré, ìwọ̀n tí a sábà ń lò ni gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, ní wákàtí 3 sí 4 síra wọn. Ọmọ tí ó wọ̀n kílò 10 yóò mu gíráàmù 16. Dókítà ni yóò pinnu ìwọ̀n àti ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀, nítorí ikùn ìkókó kò tíì lè da sítáàṣì.

Omi tútù ni a fi ń pò ó. Àgbàdo ni ọ̀gì wa, òun ni àwọn ará Gánà ń pè ní koko, tí àwọn Ìgbò ń pè ní akamu. Ọwọ́ ìyá a sì máa fẹ́ gbé e ka iná. Kí ó má ṣe é! Iná a máa sọ sítáàṣì di ohun tí ó ń yára dà, ṣúgà rẹ̀ kò sì ní pẹ́ tán. A ń dín ṣúgà ìlò ilé, oyin, èso dídùn àti wàrà kù fún irú kìn-ín-ní yìí. Irú kẹta ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà púpọ̀ sí i. Oúnjẹ irú kan kì í ṣe ti èkejì. Bí ọmọ bá ń bì, tí sítáàṣì kò dúró nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe dúró de òwúrọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ oorun. Ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ bá pé yóò sùn ní ìrọ̀rùn. Ìyá rẹ̀ ni kò ní sùn. Aago 12 yóò jí i, aago 4 yóò tún jí i, lálẹ́ ojoojúmọ́, fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí àárẹ̀ bá mú lè má gbọ́ aago ní alẹ́ ẹyọ kan, alẹ́ ẹyọ kan náà sì lè fa ìbànújẹ́. A ti rí sítáàṣì àkànṣe tí a ń pè ní Glycosade, tí ó lè gbé àwọn mìíràn dé wákàtí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ènìyàn mu, dókítà ni yóò sì kọ́kọ́ dán an wò.

Ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín fún. Èkínní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọmọdé tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí gìrì ń mú ní ìdájí, sínú ààwẹ̀. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì gbàdúrà níbẹ̀. Èkejì, kí bàbá, ẹ̀gbọ́n, àti ẹgbẹ́ ìyá kọ́ bí a ti ń wọn sítáàṣì, kí wọ́n máa gba òru ṣe fún ìyá náà, kí òun náà lè sùn. Ẹ̀kẹta, bí aago oúnjẹ bá dún láàárín ìsìn àṣemọ́jú, kí ìyá dìde kí ó bọ́ ọmọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wò ó ní ìwòkuwò.

Ìjọ tí ó mọ bí a ti í ṣọ́ òru nínú àdúrà kò yẹ kí ó jẹ́ kí ìyá kan ṣọ́ òru nìkan nítorí ọmọ rẹ̀.  Kí Olúwa dá àwọn ọmọ wa sí.