Àtẹ̀gùn Méje

Ọ̀rọ̀ tí Katikíìsì àgbà sọ fún ìjọ ní àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ilé ìsìn wa

  Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ránṣẹ́ sí mi pé kí n sọ ìtàn àwọn tí ó kọ́ ilé yìí, àwọn tí ó fún wa ní aago àti dùùrù, àti àwọn Àlùfáà tí ó ti sìn níhìn-ín. Orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé àjọ̀dún yìí, ẹ ó sì rí wọn kà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi àkókò tèmi sọ ìtàn àwọn tí kò lè wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ wa mọ̀ pé ní ọdún 1842 ni Ọ̀gbẹ́ni Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Ọ̀gbẹ́ni Henry Townsend ti C.M.S. wàásù Ìhìnrere ní Àgbádárìgì, lábẹ́ igi kan tí a ń pè ní Àgíà. Igi náà dúró títí di ọdún 1959 kí ó tó wó. Mo ti dé ibẹ̀ rí. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn bí mo ti dúró níbẹ̀ ni pé abẹ́ igi kò ní àtẹ̀gùn. Ẹni tí a gbé wá lórí ẹní, ẹni tí ó fi ìdí wọ́ wá, afọ́jú tí ọmọdé fi ọ̀pá fà wá, gbogbo wọn ni ó lè jókòó ní ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú ìjòyè, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àtẹ̀gùn méje ni ó wà ní ẹnu-ọ̀nà ńlá ilé tiwa yìí. Mo wo ìwé ìṣirò owó àwọn baba wa láti mọ ohun tí ó fà á. Àgbàrá òjò àti ikán ni ó ba ilé alámọ̀ ti àkọ́kọ́ jẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe pinnu pé ìpìlẹ̀ ti èyí yóò ga. Ìdí kejì kò sí nínú ìwé, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ: wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti ọjà gbé ojú sókè kí ó tó rí ilé Ọlọ́run. Èmi kò bá wọn wí. Àwọn ìyá wa ni ó fi orí ru yanrìn àti òkúta àtẹ̀gùn wọ̀nyí láti odò wá, láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí oko, àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé. Ohun ọ̀wọ̀ ni òkúta náà jẹ́ lójú mi títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí mo kà, n kò rí ibi kan tí ẹnikẹ́ni ti béèrè pé, báwo ni arọ yóò ti gùn ún?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó mú un ní kékeré. Kò sí àjẹsára rẹ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ òde òní, ẹ dúpẹ́ pé ní oṣù Ògọ́sì ọdún 2020 ni a kéde pé irú rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a sì máa pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn méje yìí ní ọjọ́ ìsinmi. Ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wa lọ. Nígbà tí a fi í sí ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù fún un, níbẹ̀ ni ó sì ń jókòó kọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí iṣẹ́ rélùwéè, ó sì kúrò ní ìlú. Ọ̀rẹ́ mi ti di géńdé nígbà náà, ó ti ń ṣe iṣẹ́ aránṣọ, ara rẹ̀ sì ti wúwo. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbé e fún oṣù díẹ̀. Ní ọjọ́ Àjíǹde kan, àwọn méjì tí ó gbé e ń bá ara wọn jà lórí àtẹ̀gùn nípa ẹni tí kò gbé e dáadáa. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n jù ú sílẹ̀, bàtà rẹ̀ bọ́, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá mọ́.

Katikíìsì tuntun ni mí nígbà náà. A rán mi sí i pé kí n lọ kìlọ̀ fún un. Mo jókòó ní iwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo sì sọ fún un nípa ẹni tí ó fi ọwọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ tí ó sì ń wo ẹ̀yìn, bí a ti kọ́ mi. Ó ń ran aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo parí, kò pè mí ní orúkọ mi bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Katikíìsì, ṣé èmi ni mo fà sẹ́yìn ni, tàbí ilé yín ni ó ga?"

Inú bí mi. Mo padà sí ilé, mo ṣí ìwé orúkọ ìjọ, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé: Ó fà sẹ́yìn. Nígbà tí ó kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohun tí mo kọ yìí ni àwọn àgbà wò, wọ́n sì ní a kò lè gbé òkú rẹ̀ wọ inú ilé yìí. Ẹ̀bá ilé rẹ̀ ni a ti sin ín. Èmi ni mo ka àdúrà náà. Ní ọdún tí ó kọjá, bí mo ti ń ṣí àwọn ìwé àtijọ́ fún ìtàn àjọ̀dún yìí, ni mo tún bá ìwé náà pàdé, ìkọ̀wé ọwọ́ mi ni, ó mọ́ gaara. Eékún mi méjèèjì ti kọ iṣẹ́ nígbà náà, àwọn ọmọ-ọmọ mi ni ó ń dì mí mú gun àtẹ̀gùn.

Ẹ rántí ọkùnrin tí ó yarọ ní Ẹnu-ọ̀nà Dáradára, tí ìtàn rẹ̀ wà ní orí kẹta ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ojoojúmọ́ ni a ń gbé e wá. Àwọn tí ó ń gbé e kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì ṣàárẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e dé, wọn a sì bá tiwọn lọ. Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ ju ogún ìgbà lọ. Ọ̀rọ̀ fàdákà àti wúrà ni mo máa ń sọ. Kò sí ọjọ́ kan tí mo béèrè pé kí ni ó dé tí a kò fi gbé e wọlé. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gba agbára, inú tẹ́ḿpìlì náà ni ó kọ́kọ́ fi wọ̀.

Àwa Yorùbá ní òwe pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òwe rere ni, ó kọ́ wa ní ìtìjú. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di ìdí tí a fi ń dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wa kò sì tíì mú ẹnu-ọ̀nà kan fẹ̀ sí i. Nígbà èwe mi, arọ, afọ́jú àti odi ni a ń pè wọ́n ní gbangba. Lẹ́yìn náà a ní aláàbọ̀ ara, bí ẹni pé ìdajì ènìyàn ni wọ́n. Nísinsìnyí a ń gbọ́ àkàndá ẹ̀dá. Mo fẹ́ràn èyí tí ó kẹ́yìn yìí. Síbẹ̀, bí a bá pe ènìyàn ní àkàndá tí a sì fi í sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ náà ni ó wà.

Àwọn aláṣẹ ayé ti ṣáájú wa nínú ọ̀ràn yìí, ó sì yẹ kí ojú tì wá. Ní ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìwé àdéhùn nípa ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, ilẹ̀ Nàìjíríà sì fi àṣẹ sí i ní ọdún 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, ó sì dá ọ́fíìsì tí a ń pè ní LASODA sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀ràn wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó kan gbogbo Nàìjíríà. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, kí àkàndá lè wọ̀ wọ́n kí ó sì lò wọ́n bí ẹlòmíràn; ìtanràn sì wà fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tuntun tí kò bá ìlànà mu. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ rìn yí ìlú ká lọ́la, kí ẹ wo ilé báńkì, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé, ẹ ó rí bí iṣẹ́ tí ó kù ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ilé Ọlọ́run dúró de ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ṣe. Nígbà tí mo ka ìwé náà sí etí wọn, wọn kò dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Wọ́n kó pákó jọ, wọ́n sì fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lé àtẹ̀gùn ńlá náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Inú wa dùn. Ní ọjọ́ ìsinmi kejì, arábìnrin kan tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ dé, ọmọ rẹ̀ sì ń tì í. Ní ìdajì ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn; bí kì í bá ṣe pé àwọn ọkùnrin sáré dì í mú, à bá ti ṣọ̀fọ̀. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ pé ìfẹ́ nìkan kò tó, ìṣirò wà nínú rẹ̀. Bíríkìlà kan tí ó mọ iṣẹ́ là á yé wa pé fún ínǹṣì kan tí ilẹ̀ bá fi gòkè, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn tó ínǹṣì 12. Àtẹ̀gùn wa méje jẹ́ ínǹṣì mẹ́fà mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42. Ọ̀nà tí yóò bá dé òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 42, kí ó ní ibi ìsinmi ní àárín, kí irin ìdìmú wà ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ilẹ̀ rẹ̀ má sì yọ̀ nígbà òjò.

Owó èyí kò sí. Nítorí náà ni a ṣe wo ẹnu-ọ̀nà àríwá, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, tí àtẹ̀gùn kò ju mẹ́rin lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 24 tó níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti gbẹ báyìí, ẹ lè lọ wò ó. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀ kò ju ínǹṣì 27 lọ, kẹ̀kẹ́ kò lè gbà á kọjá. Káfíńtà yóò sọ ọ́ di 36. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi kò lè pa á mọ́ pé ìdajì ọkàn mi ni ó gbà. Ẹnu-ọ̀nà tí a ń gbà gbé àga àti ìgbálẹ̀ wọlé ni. Bí a kò bá tíì lè ṣe ti iwájú, mo bẹ Àlùfáà wa kí akọrin àti àwọn Àlùfáà máa tò gba ibẹ̀ wọlé ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù, kí ó má bàa di ọ̀nà àwọn ẹni kan ṣoṣo.

Èmi kò gbàgbé àwọn adití àti àwọn afọ́jú. Fanny Crosby, ẹni tí ó kọ púpọ̀ nínú orin tí a fẹ́ràn, fọ́jú láti ìgbà ọmọ ọwọ́. Ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, Andrew Foster, ènìyàn dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀. Àwọn tí a rò pé a ó máa ràn lọ́wọ́ ni ó ń kọ́ wa. Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa ti ń kọ́ èdè àfọwọ́sọ. Ẹ fún un ní àyè ní ìjókòó iwájú.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù. Mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ti pinnu láti fi owó àjọ̀dún kọ́ ilé aago gíga tuntun. Aago tí a ní ń dún, a sì ń gbọ́ ọ. Èmi tí mo ti bá yín gbé pẹ́, tí n kò sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ ìjọ yìí rí, mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi owó náà ṣe ẹsẹ̀ bàtà 42 ti ẹnu-ọ̀nà ńlá. Òkúta àwọn ìyá wa kò ní í kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà náà yóò gbà.

Mo sì bẹ Bàbá wa Bíṣọ́ọ̀bù kí ó gbà mí láyè láti tún ìwé orúkọ náà ṣe, kí n fa ìlà sí ohun tí mo kọ, kí n sì kọ orúkọ ara mi sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni ní ilé yín tí kò wá mọ́ nítorí ẹsẹ̀, ojú tàbí etí, ẹ wá fún mi ní orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ìsàlẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, ni ẹ ó ti bá mi.