Recv kì í ṣèlérí odidi: ẹ̀kọ́ láti ilé adìẹ kan ní Ìyànà Ọ̀fà

Lónìí, ọ̀rọ̀ WebSocket nínú èdè C la fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sin adìẹ ní Ìyànà Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ tó ń wọn ooru, tó sì ń fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ WebSocket sí prógíráàmù C tí mo kọ. Nígbà tí mo dán an wò nílé, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé lọ, ó sì padà dé. Lójú kọ̀ǹpútà mi, 28 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè: "Àbúrò, adìẹ mọ́kànlá ti kú. Ṣé o ò rí i ni?" Ojú tì mí.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe.

Àkọ́kọ́, mo rò pé recv kan, ọ̀rọ̀ kan ni. Rárá o. TCP máa ń kó báìtì dé ní títò, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ wo ẹni tó fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́wàá rán ọlọ́kadà: mẹ́rin lè kọ́kọ́ dé, kí mẹ́fà tẹ̀lé e. Ẹ kó wọn jọ títí wọn yóò fi pé kí ẹ tó tú u. Bí recv bá dá 0 padà, ẹni ọ̀hún ti pa ìlà. Bó bá jẹ́ -1, ẹ wo errno.

Èkejì ni gígùn. Nínú RFC 6455 ti ọdún 2011, bíìtì méje nínú báìtì kejì ló ń sọ gígùn. Láti 0 dé 125, gígùn gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ 126, ẹ ka báìtì 2 tó tẹ̀lé e, kí ẹ fi ntohs tún un tò. Bó bá jẹ́ 127, báìtì 8 ni. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ẹ̀rọ náà kó gbogbo ohun tó ti tọ́jú ránṣẹ́ pọ̀, ó sì ju 125 lọ. Prógíráàmù mi mú 126 bíi gígùn, gbogbo rẹ̀ bá dàrú.

Lẹ́yìn gígùn ni kọ́kọ́rọ́ báìtì 4 tí kílááǹtì fi bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. XOR la fi ń ṣí i: data[i] ^= key[i % 4].

Ní báyìí, báìtì kọ̀ọ̀kan ni mo fi ń dán prógíráàmù mi wò. Bí ìṣẹ́jú méjì bá sì kọjá láìsí ìròyìn, fóònù ẹ̀gbọ́n mi á dún. Iye àtijọ́ tó ń díbọ́n bíi tuntun ló pa adìẹ wa.

Ó dìgbà kan ná o.