Kí Ló Dé Tí Síkéèlì Kì í Dúró Lójú Kan?

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Anloga Junction, Kumasi



Ọ̀rọ̀ síkéèlì tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni a fẹ́ sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ra tirẹ̀. Ó gùn ún láàárọ̀, kílò 78. Ó tún gùn ún lálẹ́, ó di 80. Ọkàn rẹ̀ pòrúurù. Kò jẹun alẹ́ mọ́, ó sì lọ ra tíì kan tí wọ́n ní ó ń yọ ọ̀rá. Tíì náà ń gbé e lọ sílé ìgbẹ́ léraléra, títí òòyì fi ń kọ́ ọ nísọ̀. Síkéèlì ní 77, inú rẹ̀ dùn. Omi ara rẹ̀ ló ń dà nù o, kì í ṣe ọ̀rá.

Síkéèlì kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí omi. Ohun gbogbo tó bá wà lórí rẹ̀ ló ń wọ̀n: oúnjẹ inú ikùn, ìtọ̀ tí a kò tíì tọ̀, aṣọ, títí kan gèlè. Omi lítà kan, kílò kan ni. Ẹni tó bá mu píọ̀ wọ́tà ọlọ́ràá méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, ti fi kílò kan kún ara rẹ̀ láìsanra rárá. Àwọn tó ń la pákó ní Junction yìí, kí wọ́n tó kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Sokoban, lè làágùn kílò kan dànù kí oòrùn tó wọ̀. Tí wọ́n bá mu omi, ó ti padà.

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹja koobi àti momoni tí a ń jẹ nílẹ̀ yìí (àwa náà ń jẹ ẹ́), iyọ̀ inú wọn a máa dá omi dúró sára. Fùfú àti kẹ́ńkẹ́ náà, ara a máa tọ́jú ṣúgà inú wọn sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, gírámù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi bíi gírámù mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi fùfú sílẹ̀ fi máa ń tètè fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ̀ pé ara a máa wúwo bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀.

Ẹ má gbé síkéèlì sórí kápẹ́ẹ̀tì, yóò purọ́. Orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni. Ẹ gùn ún láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi oṣù yìí wé oṣù tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ti ẹni tó ní àrùn ọkàn yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni dókítà ń ní kí irú wọn wọn ara wọn. Bí ó bá fi ju kílò 2 lọ ní ọjọ́ 3, tí ẹsẹ̀ wú, tí ó ń mí hẹlẹ, tí kò lè sùn àfi kó fi ìrọ̀rí méjì mẹ́ta gbórí sókè, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ gbé e lọ sí Komfo Anokye tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín. Àwọn kan nínú wa a sì máa dá oògùn tó ń mú ni tọ̀ dúró nítorí pé wọ́n ń lọ sílé, ọkọ̀ kì í sì í dúró fún ìtọ̀. Omi tí oògùn náà ì bá lé jáde ni yóò jókòó sára. Ẹ bi dókítà ní wákàtí tí ẹ ó máa lò ó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá sì ń fọn lóṣooṣù láìgbìyànjú, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ó ń tọ̀ ṣáá, kó má yọ̀. Kó lọ yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ tí kò lọ pẹ̀lú òógùn òru, kó lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò.

Ìyá wa ti da tíì náà nù, ó ti ń jẹun alẹ́. Síkéèlì ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ bọ́ bàtà yín kí ẹ tó gùn ún.