Ẹ Wo Abẹ́ Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Yìn Ín



Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ MP Lafer la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga ní Brazil ló ṣe é, láti 1974 títí di 1990. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ó ní MG TD tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1952 ni. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: Volkswagen ìjàpá ni, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní 1975. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ráàdíétọ̀ iwájú yẹn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Àwọn kan ní ayédèrú ni. A kò gbà. Ẹni tó pe iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ kò purọ́; ẹni tó bá tà á fún yín ní MG ló purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yẹ ìwé rẹ̀ wò, kó sì yẹ irin abẹ́ rẹ̀ wò. Fáíbà ara rẹ̀ kì í dípẹtà, irin ń dípẹtà. Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: mẹkáníìkì tó mọ ìjàpá mọ ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Ara dídán ni ayé ń yìn. Eegun tó gbé e dúró, òṣìṣẹ́ ló rọ ọ́, fún ọkọ̀ mẹ̀kúnnù. Ní São Bernardo do Campo, ìlú tí Volkswagen ti ń ṣe ìjàpá ní Brazil nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ irin daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 41 ní 1980 nítorí owó oṣù. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ni eegun.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà mọ̀ ọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.