Ẹ YẸ ILÉ NÁÀ WÒ KÍ Ẹ TÓ FI ÈNÌYÀN SÍ I
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé)

Ọ̀rọ̀ ògiri àti òrùlé ni mo mú wá lónìí. Púpọ̀ nínú wa ni ìdílé wọn ní ilé àtijọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí Pópó Àgùdà. Ògiri ilé náà ti ń sán, àwọn tó ń fi ilé kíkọ́ ṣòwò sì ń wá bá wa pé kí a jẹ́ kí àwọn sọ ọ́ di fúláàtì. Kí ló yẹ kí Kristẹni ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé tí wọ́n bí mi sí. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ó sì nípọn gan-an. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí òjò bá ti ń rọ̀, ìyá mi á gbé bàsíà sí ojú mẹ́rin nínú pálọ̀. Nígbà tí oníṣòwò kan dé, ó ní òun yóò tún iwájú ilé ṣe, òun yóò fi àjà kan kún un, òun yóò pín in sí fúláàtì mẹ́jọ. Inú gbogbo wa dùn. Bírò ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi láti fọwọ́ sí ìwé nígbà tí Màmá alágbo, tó ti ń gbé nísàlẹ̀ láti ogún ọdún ó lé, béèrè pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ti wo ìpìlẹ̀ ilé yìí? Níbo sì ni kí èmi gbà lọ?" Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ ka Léfítíkù orí 14, láti ẹsẹ 33. Òfin ilé tí àrùn mú ògiri rẹ̀ wà níbẹ̀. Onílé kò gbọdọ̀ pa á mọ́. Ó ní láti lọ sọ fún àlùfáà. Àlùfáà á ní kí wọ́n kó ilé náà sófo kí òun tó wọlé. Yóò yẹ ògiri wò, yóò ti ilé fún ọjọ́ méje, yóò tún padà wá. Wọ́n á yọ òkúta tó bàjẹ́, wọ́n á fi òmíràn dípò, wọ́n á tún ilé rẹ́. Bí àrùn náà bá tún yọ, ìgbà náà ni wọ́n á wó o. Ẹ kíyè sí bó ṣe tẹ̀ léra: ènìyàn á kọ́kọ́ jáde, àyẹ̀wò á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àtúnṣe. Wíwó ló kẹ́yìn.

Àwa ńkọ́? Àwọn baba wa ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri bá lanu, ọ̀dà la máa ń fi bò ó. Ẹlòmíràn á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ kó lè dán. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú amọ̀ jáde, ògiri á sì máa jẹrà láti inú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, kò sí òpó kọnkéré; ògiri fúnra rẹ̀ ló gbé òkè ró. Bí wọ́n bá gé e láti pín yàrá, kí ló kù tí yóò gbé òkè? Fúláàtì kọ̀ọ̀kan fẹ́ ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti omi. Táǹkì omi lítà 1,000 tó bá kún wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 20. Ẹ wá ro ti táǹkì mẹ́jọ lórí ìpìlẹ̀ tí ẹnì kankan kò tíì gbẹ́ wò.

Ojú wa ti rí méjì. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbu, tí ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016. Àwọn kan ní ó ti fẹ́ wó, àwọn mìíràn ní ó ṣeé tún ṣe. Nísinsìnyí, kò sí ògiri mọ́ tí a lè yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, 2019, ilé kan tí ilé ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì. Ìròyìn sọ pé wọ́n ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o, síbẹ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 20 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ti àkọ́kọ́, ilé la pàdánù. Ti ìkejì, ọmọ la pàdánù, kò sì sí bíríkìlà tó lè tún ọmọ mọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kí ẹńjiníà tí kì í ṣe ti oníṣòwò náà tó yẹ ilé wò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ohun èlò ilé wò, ó sì ní àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Ẹ lọ bá wọn. Bí wọ́n bá ní ó léwu, ẹ kó ènìyàn jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, ibi tí ayálégbé yóò gbé nígbà iṣẹ́, ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, àti bóyá yóò padà. Ẹ̀yin ayálégbé, bí ẹ bá rí ògiri tó ń sán, ẹ sọ ọ́, ẹ má bẹ̀rù.

Ní ilé tiwa, ẹńjiníà ní iwájú ṣeé tún ṣe, ẹ̀yìn kò ṣeé gbà là, a kò sì gbọdọ̀ fi àjà kankan kún un. Fúláàtì mẹ́jọ di mẹ́rin. Oníṣòwò àkọ́kọ́ bínú lọ, ọdún méjì sì kọjá kí a tó rí òmíràn. Ìpín wa kéré. Ṣùgbọ́n orúkọ Màmá alágbo wà nínú àdéhùn, yàrá rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ títí dòní. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, a máa ń sùn.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti kọ́ ilé tí kò ní pa ẹnikẹ́ni. Àmín.