Ìfun Ńlá, Bakitéríà àti Ọkà Bàbà

Àlàyé ọ̀rọ̀ kò ní pọ̀. Ìfun ńlá ni apá ìkẹyìn ìfun, níbi tí ìgbẹ́ ti ń dì. Bakitéríà ni àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tó kún ibẹ̀. Fáíbà ni apá oúnjẹ ọ̀gbìn tí inú wa kò lè dà. Jẹjẹrẹ, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ó pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Wọ́n ní àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ ìfun, pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú ló ń dáàbò bò wá. Ẹ̀jẹ̀ wo? Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí àrùn yìí ń pa jù ní Amẹ́ríkà. Láti 1971 ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, ti sọ pé oúnjẹ onífáíbà àwọn ará Áfíríkà ni kí a wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò gbà. Ní 2015, Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ẹ̀rí jáde. Ogún ènìyàn dúdú ará Pittsburgh àti ogún ará abúlé ní Gúúsù Áfíríkà pààrọ̀ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Pittsburgh ń jẹ àgbàdo, ẹ̀wà àti ilá. Àwọn ará abúlé ń jẹ sọ́sééjì, bọ́gà àti pòtétò díndín. Fáíbà àwọn ti Pittsburgh gòkè láti gíráàmù 14 sí 55 lóòjọ́. Ti àwọn ará abúlé já láti 66 sí 12. Butyrate ni bakitéríà máa ń fi fáíbà ṣe, òun sì ni ara ìfun ńlá ń jẹ. Ó di ìlọ́po méjì àbọ̀ nínú àwọn ará Pittsburgh, ó sì dín sí ìdajì nínú àwọn ará abúlé. Bakitéríà tún máa ń sọ òróòro, tí a fi ń da ọ̀rá, di ohun tó ń ba ìfun jẹ́; ohun yẹn fi ìdá 70 nínú 100 dín kù ní Pittsburgh. Ní abúlé, ńṣe ló fò sókè. Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì kò tó bí jẹjẹrẹ, àmì ewu ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó wà nínú abọ́ ló yí padà.

Ní Ṣakí tí mo ti dàgbà, ọkà bàbà tí ìyá mi ń rò kì í funfun. Bàbà pupa ló ń lọ̀, tèèpo-tèèpo, ó sì máa ń ha ni lọ́fun díẹ̀ bí ilá ò bá yọ̀ tó. Lónìí, ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ògùn ń jọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun, ẹ sì ń da èèpo tí fáíbà wà nínú rẹ̀ fún ewúrẹ́. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ń fi sọ́sééjì kẹ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ní 2015 ni ìgbìmọ̀ jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gíráàmù 50 irú ẹran bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi ìdá 18 nínú 100 kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá.

Ọtí àti sìgá ń dá kún un. Àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé wọ́n jogún ewu rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ìfun, wá ńkọ́? Ẹ yéé pè é ní jẹ̀dí, kí ẹ máa mu àgbo kiri. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alatise àti ẹgbẹ́ ARGO ti ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ìfun, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń dé nígbà tó ti tàn kálẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìfun rẹ̀.